Ọ̀rọ̀ Sọ Àbọ̀, Àwòrán Sọ Àbọ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Méjèèjì Pìtàn

Ìtàn tó ní àwòrán kì í sábà bàjẹ́ nítorí pé ayàwòrán ò mọ̀ ọ́n yà tàbí pé òǹkọ̀wé ò mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ọ̀rọ̀ ní ọmọ náà wọ aṣọ pupa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ ò dùn. Òǹkàwé gbójú wo àwòrán, ó rí ọmọ, ó rí aṣọ pupa, ó rí ẹnu ọ̀nà, ó rí ojú tó fà ro. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti di aláìníṣẹ́ nìyẹn. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Nínú irú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ á sọ àbọ̀ tirẹ̀, àwòrán á sọ tirẹ̀, inú òǹkàwé ni wọ́n á ti pàdé. Orí ìyẹn ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ irú ìwé tí ẹ ń ṣe

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìwé alàwòrán, tí àwòrán wà ní gbogbo ojú ìwé rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í sì í sábà ju 1,000 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í tó 500. Èkejì ni ìtàn gígùn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló nilé, tí àwòrán kàn ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni kómíìkì, tí wọ́n pín sí àpótí àpótí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ni mo ń bá wí níbí jù, kómíìkì ní òfin tirẹ̀.

Kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni àwòrán fẹ́ sọ nínú ìtàn yìí tí ọ̀rọ̀ ò lè sọ dáadáa? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ fi àwòrán sílẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ìtàn kan wà tó jẹ́ pé inú ọkàn ẹ̀dá ìtàn ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àwòrán á kàn dí wọn lọ́wọ́ ni.

Fún ìtàn gígùn, àwòrán wúlò jù lọ níbi tí àpèjúwe ìbá ti gba ìdajì ojú ìwé. Lewis Carroll mọ èyí dáadáa nínú ìwé Alice rẹ̀ tó jáde ní 1865. Nígbà tó dórí ẹ̀dá abàmì kan tí wọ́n ń pè ní Gryphon, kò jókòó máa ṣàpèjúwe ìyẹ́ àti èékánná. Ó kàn sọ fún òǹkàwé pé bí kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó wo àwòrán tí John Tenniel yà. Ó yá, ó bá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ìtàn náà tán ná

Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé àwòrán kankan ò ní í sí níbẹ̀. Ẹ má ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná. Ẹni tó bá ń ronú àwòrán látìbẹ̀rẹ̀ máa ń kọ ìtàn tó ní ibi rírẹwà púpọ̀ tí kò sì ní ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ àwòrán kan ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn (ó máa ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó mọ̀wòrán yà), ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó dé ibẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa tẹ̀ lé. Ọmọbìnrin kékeré kan, Dúpẹ́, ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀, ìyá àgbà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ lè lọ báyìí:

"Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà jí, ó wọ bàtà, ṣùgbọ́n dúdú ló wọ̀ sẹ́sẹ̀ ọ̀tún, funfun ló wọ̀ sí tòsì. Ó wọ yàrá ìdáná, ó gbé ìwé tó ń kà sínú fìríìjì, ó sì gbé mílíìkì sórí pẹpẹ ìwé. Dúpẹ́ rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí Màmá mọ̀, torí ó gbọ́ tí Màmá ń sọ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn á mú Ìyá Àgbà lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó. Ó sáré lọ dúró síwájú pẹpẹ náà. Nígbà tí Màmá wọlé tó béèrè bí nǹkan ṣe ń lọ, Dúpẹ́ parọ́ pé kò sí nǹkan kan."

Ìtàn náà yéni. Kò sì nílò àwòrán kankan. Ìṣòro tó kù láti yanjú nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ sẹ́ ọ̀rọ̀

Ẹ tẹ àkọsílẹ̀ yín jáde, kí ẹ wá pẹ́ńsù aláwọ̀ méjì. Gbogbo ohun tí ojú lè rí, ẹ fi pupa fà á nídìí: àwọ̀ bàtà, fìríìjì, pẹpẹ ìwé, ibi tí Dúpẹ́ dúró sí. Gbogbo ohun tí ojú ò lè rí, ẹ fi búlúù fà á: ohun tí Màmá sọ, orúkọ ènìyàn, ìdí, ìgbà, òórùn, ohun tí ẹnì kan rò. Pupa ni ẹ ó gbé fún àwòrán. Búlúù ni iṣẹ́ ọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ibi tí agbára àwòrán mọ. Àwòrán ò lè sọ "lójoojúmọ́". Kò lè sọ "ọdún mẹ́ta kọjá" àyàfi bí ẹ bá wá ọgbọ́n sí i. Kò lè sọ "torí pé". Èyí tó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé kò lè sọ "kò sí". Bí ajá bá sọnù, ẹ ò lè ya àìsí ajá. Ẹ ní láti kọ́kọ́ ya ajá náà lórí ẹní rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ya ẹní yẹn kan náà lófìfo ní ojú ìwé mìíràn. Ẹni tí kò bá fi nǹkan hàn tẹ́lẹ̀ ò lè sọ ọ́ nù lójú òǹkàwé.

Ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti ń kùnà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ń tò wá, èkíní ní láti lọ kí èkejì tó dé. Bí nǹkan márùn-ún bá ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á máa tò wọ́n sẹ́yìn ara wọn, nígbà tí àwòrán á fi gbogbo wọn hàn ní ìṣẹ́jú akàn. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí "nígbà kan náà" nínú àkọsílẹ̀ yín, ẹ máa fura pé àwòrán ló nibẹ̀.

Bí a bá sẹ́ ìtàn Dúpẹ́, tí a sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máa sọ ọ́, ohun tó kù nìyí:

"Ìyá Àgbà jí dáadáa lónìí. Ó dá múra. Ó sì tún bá wa to ilé.
Nígbà tí Màmá dé, ó ní, 'Ṣé kò sí o?'
Mo ní, 'Kò sí, Mà.'"

Àwòrán: bàtà oríṣi méjì. Ìlẹ̀kùn fìríìjì tó ṣí, ìwé tó dùbúlẹ̀ láàárín àwọn ìgò. Mílíìkì tó ń kán láti orí pẹpẹ, tó ti ṣan dé ilẹ̀. Dúpẹ́ dúró síwájú pẹpẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tẹ ibi tí mílíìkì dà sí mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ohun tó yí padà. "Ẹ̀rù bà á" ti lọ. "Ó parọ́" ti lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún òǹkàwé pé ọmọ yìí fẹ́ràn ìyá àgbà rẹ̀, síbẹ̀ kò sí bí kò ṣe ní í mọ̀. Ohun tí Màmá sọ nípa ibi ìtọ́jú arúgbó ò lè wà nínú àwòrán, búlúù ni, nítorí náà ẹ ní láti wá àyè kan fún un ṣáájú: gbólóhùn kan péré tí Dúpẹ́ gbọ́ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yan ohun tí àwòrán kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀

Àwòrán lè tún ọ̀rọ̀ sọ, ó lè fi kún un, ó lè takò ó, ó sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

Àtúnsọ kò burú níbi tí ọmọ kékeré ti ń kọ́ orúkọ nǹkan. Níbòmíràn, àfi kí ẹ ní ìdí. Àfikún ni iṣẹ́ ojoojúmọ́, òun ló máa gba ọ̀pọ̀ jù nínú ìwé yín.

Àtakò ló dùn jù. Nínú Rosie's Walk tí Pat Hutchins ṣe ní 1968, gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò ju 32 lọ: adìyẹ kan nasẹ̀ káàkiri oko, ó sì padà wálé kó tó jẹun alẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ò dárúkọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń tọ adìyẹ lẹ́yìn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àgbákò kan ò sì tíì lọ tí òmíràn á fi dé bá a. Ọmọ tí wọ́n ń kàwé fún á máa pariwo "Ẹ wò ó lẹ́yìn!", torí ó mọ ohun tí ẹni tó ń sọ̀tàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ẹ má ṣe lo àtakò ní gbogbo ojú ìwé bí ìtàn yín ò bá jẹ́ ti ẹ̀fẹ̀. Òǹkàwé tó bá ti mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ ń pa nígbà gbogbo ò ní í ka ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ní ti kí àwòrán gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu, Maurice Sendak ló ṣe èyí tí mo fẹ́ràn jù, nínú Where the Wild Things Are ti 1963. Àwòrán kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀, funfun pọ̀ yí i ká. Bí ọmọ inú ìtàn náà ṣe ń jìnnà sílé ni àwòrán ń tóbi, títí tó fi bo ojú ìwé méjèèjì tó kọjú síra, tí kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ padà wá. Ìtóbi àwòrán nìkan ti sọ̀tàn níbẹ̀. Ẹ wá ibi tí ọkàn ẹ̀dá ìtàn yín ti kún jù lọ, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ pa gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣe ìwé àfọwọ́ṣe

Mi ò mọ ìgbésẹ̀ mìíràn tí àwọn ènìyàn ń fò tó ń dùn wọ́n lẹ́yìn ọ̀la tó èyí. Ẹ mú bébà mẹ́jọ, ẹ tò wọ́n léra, ẹ ṣẹ́ wọn po láàárín, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ìdí rẹ̀. Ojú ìwé 32 ló máa fún yín. Àwọn atẹ̀wé máa ń tẹ ojú ìwé púpọ̀ sórí bébà ńlá kan, kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ po kí wọ́n sì gé e. Ìdí nìyẹn tí iye ojú ìwé fi máa ń jẹ́ ìlọ́po 8 tàbí 16, tí 32 sì fi wọ́pọ̀ fún ìwé alàwòrán. Bí ẹ bá yọ ojú ìwé àkọlé àti ti àṣẹ òǹkọ̀wé kúrò, ibi méjìlá sí mẹ́rìnlá tí ìwé ti ń ṣí sílẹ̀ ló kù fún ìtàn. Ìṣísílẹ̀ ni màá máa pè é: ojú ìwé méjì tí òǹkàwé ń rí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ gé ọ̀rọ̀ yín sí wẹ́wẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé yìí. Ibi tí ìwé ń ṣí sí ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ọwọ́ òǹkàwé ló ń ṣí i, ìṣẹ́jú àáyá kan sì wà níbẹ̀ tí kò tíì mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ lo ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ẹ fi ìbéèrè sísàlẹ̀ ojú ìwé ọ̀tún, ẹ fi ìdáhùn sí òdìkejì rẹ̀. "Mo gbọ́ ohùn kọ́kọ́rọ́ Màmá lẹ́nu ìlẹ̀kùn," kí ìwé wá ṣí, kí a rí Màmá tó dúró, kí mílíìkì sì ti ṣan dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí ẹ fi ìbéèrè sí òsì kí ẹ sì fi ìyàlẹ́nu sí ọ̀tún, nínú ìṣísílẹ̀ kan náà. Ojú máa ń sáré ju ẹnu lọ. Kí òǹkàwé tó ka gbólóhùn kìíní tán, ó ti rí àwòrán ọ̀tún, ìyàlẹ́nu ti tú.

Bí ìṣísílẹ̀ kan bá ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, ó sábà máa ń jẹ́ pé nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ pín in.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwòrán wẹ́wẹ́

Ẹ má tíì ya àwòrán gidi. Ẹ ya ìṣísílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kékeré, kó má fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, kí ẹ má sì lò ju ìṣẹ́jú méjì lórí ọ̀kan. Ìlà àti òjìji nìkan. Kò sí ojú, kò sí ìka. Ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán, torí èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni gbogbo ènìyàn á yà. Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n sórí tábìlì kan, kí ẹ wò wọ́n pa pọ̀.

Ẹ wo ibi tí ojú òǹwòran wà. Bí gbogbo àwòrán bá jẹ́ ènìyàn lódindi, láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n dúró láàárín, ìtàn á kú. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ ya bàtà méjì yẹn nìkan. Ẹ jìnnà sí i, kí ilé tóbi kí Dúpẹ́ sì kéré nínú rẹ̀, nígbà tó bá dá nìkan wà. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, níbi tí ojú ọmọdé wà, kí Màmá lè ga.

Ẹ tún wo ibi tí ènìyàn ń kọjú sí. Nínú èdè tí à ń kà láti òsì sí ọ̀tún, ẹni tó kọjú sí ọ̀tún ń lọ síwájú. Ẹni tó kọjú sí òsì ń padà bọ̀, tàbí ó ń dí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà. Nínú ìwé Lárúbáwá tàbí kómíìkì Japan, òdìkejì ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn tó ń rìnrìn àjò ṣàdédé yí padà sí òsì láìnídìí, òǹkàwé á rò pé ó ti ń lọ sílé.

Ìgbésẹ̀ keje: kí ẹ̀dá ìtàn má yí padà

Ẹ ya ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan sórí bébà kan láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, nígbà tó ń bínú. Ẹ kọ àwọ̀ aṣọ rẹ̀, ẹ kọ iye bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀. Ọmọdé máa ń ka bọ́tìnnì. Bí ẹ bá fi dúdú kun gbogbo ara rẹ̀ tí òjìji rẹ̀ nìkan kù, ó yẹ kí a ṣì mọ ẹni tó jẹ́. Ẹni tí kò mọ̀wòrán yà lè gé bébà aláwọ̀ lẹ̀ tàbí kó lo fọ́tò; kó ṣáà ti jẹ́ ọ̀nà kan náà láti ojú ìwé kìíní dé ìparí.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àyè ọ̀rọ̀

Látorí àwòrán wẹ́wẹ́ ni kí ẹ ti fi àyè ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ojú ọ̀run, ògiri, ilẹ̀ tó mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá bọ́ sórí ewé àti ẹ̀ka, kò ní í ṣeé kà. Ẹ má fi ojú ènìyàn tàbí ọ̀rọ̀ sí àárín níbi ìránpọ̀ ìwé, ibẹ̀ á gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí àwòrán kọjá etí ìwé pẹ̀lú milimíta 3, torí ọ̀bẹ atẹ̀wé kì í gé ojú kan náà nígbà gbogbo. Kí àwòrán tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní píksẹ́lì 300 fún ínṣì kan ní ìwọ̀n tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ orí ẹ̀rọ máa ń tàn ju ti yíǹkì lọ, nítorí náà ẹ gba ẹ̀dà àyẹ̀wò kan kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, ẹ dán irú lẹ́tà (fọ́ǹtì) tí ẹ yàn wò pẹ̀lú ẹ̀, ọ́ àti ṣ. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà máa ń ju àmì sí ibi tí kò yẹ. Àwọn fọ́ǹtì Noto àti Charis SIL gbé wọn dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bó bá jẹ́ ènìyàn méjì ló ń ṣe é

Òǹkọ̀wé tó bá ń sọ fún ayàwòrán pé kó ya fèrèsé sí òsì, kó ya ológbò sí ọ̀tún, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ àlàyé fún ayàwòrán kìkì níbi tí ọ̀rọ̀ yín ò ti lè yé e láìsí i. Nínú ìtàn Dúpẹ́, ẹni tó bá ka "Ó sì tún bá wa to ilé" ò ní í mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé; ẹ ní láti sọ fún un. Àwọ̀ aṣọ Màmá ò kàn yín.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù: iye owó, ìgbà tí wọ́n máa san án, iye àtúnṣe tó wà nínú owó yẹn, orúkọ ta ló máa wà níwájú ìwé, ta ló lè tà á fún ẹlòmíràn. Lábẹ́ àdéhùn Berne, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ lórí àwòrán máa ń wà láìjẹ́ pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Owó iṣẹ́ tí ẹ san lásán kò fi dandan sọ ọ́ di tiyín.

Ẹ dán an wò

Ẹ fi bébà bo gbogbo àwòrán, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ ìtàn náà. Bó bá yé e pátápátá, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ bo ọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn wo àwòrán nìkan. Bí òun náà bá lè sọ gbogbo rẹ̀, àwòrán ló gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ṣe. Ohun tí ẹ ń wá ni kí èkíní rò pé ilé Dúpẹ́ tòrò, kí èkejì rí i pé nǹkan ti dàrú láìmọ ohun tí Dúpẹ́ ń bẹ̀rù. (Ti ìtàn gígùn yàtọ̀: ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dá dúró.)

Lẹ́yìn náà, ẹ kà á sókè fún ẹnì kan, kí ẹ má wo ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ibi tó ti fẹ́ ṣí i kí ẹ tó kà tán, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ gùn. Ibi tó ti fi ọwọ́ dá yín dúró láti wo àwòrán sí i, ẹ má fọwọ́ kan ibẹ̀ mọ́.

Bó bá jẹ́ orí fóònù ni wọ́n máa kà á

Ìṣísílẹ̀ ò sí lórí fóònù. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló ń hàn, tàbí kí òǹkàwé máa yí i lọ sísàlẹ̀. Ẹ tún àwọn àwòrán fífẹ̀ gé, kí ẹ sì fi àyè gígùn sílẹ̀ láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn kí wọ́n má baà hàn pọ̀. Ẹ kọ àpèjúwe sẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí kò ríran, tí ẹ̀rọ ń kàwé fún. Ohun tó wà nínú àwòrán ni kí ẹ kọ, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. "Mílíìkì ń kán láti orí pẹpẹ ìwé. Dúpẹ́ dúró síwájú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn." Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "Dúpẹ́ ń parọ́ fún ìyá rẹ̀", ẹ ti sọ fún òǹkàwé yẹn ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún gbogbo àwọn yòókù kí wọ́n rí fúnra wọn.